Ojú Àlejò Níwájú Iná

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún ní Èkó ni pé kí n máa wá ẹ̀gbin nínú omi tó mọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ni, ní Àgídìngbì, níbi tí wọ́n ti ń rọ omi abẹ́rẹ́ sínú ìgò kéékèèké. Bí ìgò bá ti jáde, àwa obìnrin méje a jókòó síwájú àpótí iná. A ó mú ìgò kan, a ó yí i po jẹ́ẹ́jẹ́, a ó dorí rẹ̀ kodò. A ó wò ó níwájú pátákó funfun bóyá nǹkan dúdú ń léfòó nínú rẹ̀, a ó tún wò ó níwájú pátákó dúdú bóyá nǹkan funfun wà níbẹ̀. Èyí tó bá mọ́ lọ sápá ọ̀tún. Èyí tó bá lẹ́gbin di ríjẹ́ẹ̀tì, ó lọ sápá òsì. O lè gbọ́n, o lè lágbára, o lè mọ̀wé ju ọ̀gá lọ, àpótí iná kò fẹ́ mọ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọba ara. Níbi tí mo wà yẹn, ojú ni gbogbo ara.

Mo mọ iṣẹ́ náà ju gbogbo wọn lọ. Mo ń sọ ọ́ láìtijú, nítorí kò sí ẹni tó kù tí yóò bá mi sọ ọ́.

Kétu ni mo ti wá, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lẹ́yìn ibodè. Nílé wa, wọ́n fi kọ́ wa láti kékeré pé ọ̀kan nínú àwọn ìlú ọmọ Odùduwà ni Kétu, a sì gbà pé ẹni tó bá dé Èkó, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dé. Ohun tí mo gbé sọ́kàn nìyẹn nígbà tí mo fi ọmọbìnrin mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀kẹ́, tí mo ní mò ń bọ̀. Ọjọ́ kejì tí mo dé Agége, mo lọ ra búrẹ́dì. Bí mo ṣe lanu báyìí, ìyá oníbúrẹ́dì bú sẹ́rìn-ín.

"Àgànyìn ni ẹ́! Ẹ̀wà ẹ dà?"

Mo ní ọmọ Yorùbá ni mí, ará Kétu.

"Yorùbá Kùtọnú!" Ó pe aládùúgbò rẹ̀. "Ìyá Wàsíù, ẹ wá gbọ́ Yorùbá o! Màdáàmù, tún un sọ."

Mo tún un sọ. Búrẹ́dì ni mo fẹ́ ra, ebi sì ń pa mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Àgànyìn ní àdúgbò, mo di Àgànyìn níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ bí mo bá sì lọ sílé lọ́dún, àwọn ará Kétu a ní, "Ará Nàìjíríà ti dé." Mo ti wá ń ronú pé ibi tí wọ́n ti ń pè mí ní orúkọ mi gan-an kò sí mọ́, àfi lórí fóònù.

Kásúà ni mí níbi iṣẹ́. Kásúà kì í ní ìsinmi, kì í wọ bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́, kì í ṣàìsàn. Láàárọ̀, a ó tò sẹ́nu géètì, súpáfáísọ̀ a jáde, a na ìka: ìwọ, ìwọ, ìwọ. Ẹni tí ìka kò bá nà sí, ilé yá. Súpáfáísọ̀ wa ń jẹ́ Ọ̀gá Fẹ́mi, ọmọkùnrin tí mo lè fi ọdún mẹ́wàá jù lọ, ìwọ ló sì máa ń pè mí. Nílé wa, wọ́n á ní kò rí ẹni kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ní Èkó, ọ̀gá ni.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dán ojú mi wò kí wọ́n tó mú mi sídìí iná, ó gbé pátákó lẹ́tà kọ́ sára ògiri, ó ní kí n máa kà á bọ̀ láti òkè. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí, títí dé ìlà tó kéré bí ẹyin iná orí. Àmọ́ ilé ìwé Faransé ni mo lọ. Lẹ́tà G, tí wọ́n ń pè ní "jí" níbí, "jé" là ń pè é lọ́dọ̀ wa. J tí wọ́n sì ń pè ní "jé", àwa a ní "jí". Bí mo ṣe ń kà á ni Ọ̀gá Fẹ́mi ń fagi lé e.

"Kò dáa. Ojú ẹ ò dáa rárá. Next!"

Rìsíkátù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó jẹ́ àgbà wa nídìí iná, ló là mí. "Ọ̀gá, Faransé lobìnrin yìí ń kà. Àwọn máa ń pe tiwa sódì ni. Ẹ gbé ìgò fún un, àbí lẹ́tà là ń tà níbí?"

Wọ́n gbé ogún ìgò síwájú mi, tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀gbin sínú mẹ́wàá nínú rẹ̀. Mo yọ mọ́kànlá. Ọ̀gá Fẹ́mi rẹ́rìn-ín pé mo ti ṣìnà. Ó mú ìkọkànlá, ó yí i po, ó wò ó, ó tún un wò, ó gbé e sún mọ́ iná, kí ó tó rí i pé òwú tín-ín-rín kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Ó na ìka sí àga tó ṣófo. Lálẹ́ yẹn mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fi mí jókòó," a sì jọ pariwo ayọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi mí joyè.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó níbẹ̀. Ní ọdún kẹta ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀. Mo lè mu omi kún ikùn kí ọ̀nà ọ̀fun mi ṣì gbẹ bí pákó. Ìtọ̀ kò sì jẹ́ kí n jókòó, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́, kó fọwọ́, kó tún aṣọ mìíràn wọ̀ bó bá ń wọlé. Wọ́n ń ka iye ìgbà téèyàn jáde. Rìsíkátù bi mí bóyá mo lóyún. Mo ní ẹ̀mí mímọ́ nìkan ló lè fún mi lóyún ní Agége. Ọjọ́ kẹta sígbà yẹn ni mo ṣubú lẹ́nu ọ̀nà yàrá aṣọ.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan gún mi níka, ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí.

"Mọ́kàndínlógún! Màdáàmù, ẹsẹ̀ yín lẹ fi rìn débí? Ta ló ní ìtọ̀ ṣúgà nílé yín?"

"Màmá wa. Òun ló pa wọ́n."

Nọ́ọ̀sì náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó rọra sọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa gún ara mi lábẹ́rẹ́ ṣúgà ní ikùn, ó ní, "Ojú yín lè kọ́kọ́ máa ṣe bàìbàì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣúgà tó ń wálẹ̀ ló ń fà á, ojú á sì bá a mọ́ra. Ẹ má sáré lọ ra dígí, ẹ má sì dá abẹ́rẹ́ dúró o. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà ojú, kó wo ẹ̀yìn ojú yín, torí a ò mọ ìgbà tí ṣúgà yìí ti wà lára yín. Wednesday ni wọ́n máa ń wà." Ó kọ ìwé lé mi lọ́wọ́. Ó wá kọ nǹkan kan sórí káàdì mi, ó fi bírò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì, ó sì ké sí ẹni tó kàn.

Ohun tó kọ ni 4–7.

Mo wò ó. Mo ní aago ni. Aago mẹ́rin sí aago méje, ìgbà tí n ó máa gún abẹ́rẹ́. N kò béèrè. Èrò pọ̀ lẹ́yìn mi, ọ̀rọ̀ mi sì máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Èèyàn tí wọ́n ti fi ọdún mẹ́ta rẹ́rìn-ín sí kì í béèrè nǹkan mọ́. A máa mi orí pé òun ti gbọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, ìbínú máa ń gbé mi, nítorí ojú ni mo fi ń jẹun láàárín wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, èmi tí mo lè rí òwú nísàlẹ̀ ìgò, wọ́n kọ nọ́ńbà méjì gàdàgbà lé mi lọ́wọ́, n kò rí i.

Ti dókítà ojú ńkọ́? N kò lọ. Ojú mi kò dùn mí, mo ń ríran kedere, kásúà tó bá sì pa Wednesday jẹ, ẹlòmíràn ni yóò jókòó sórí àga rẹ̀ ní Thursday. Mo ká ìwé náà sínú àpò mi.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí mo bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ti wí. Ara ìgò di rúrú bíi pé èémí ti bò ó. Ẹ̀rù bà mí. Oṣù ń parí, wọ́n sì máa ń dán ojú wa wò ní ìparí oṣù. Mo bẹ Rìsíkátù pé kó ka pátákó lẹ́tà fún mi, bí wọ́n ṣe ń pè é níbí, jí ní jí, jé ní jé. Mo há a sórí bíi súrà. Lọ́jọ́ ìdánwò, mo dúró síwájú ògiri tí n kò rí ju funfun lásán lọ lára rẹ̀, mo sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìkọsẹ̀.

"Perfect!" Ọ̀gá Fẹ́mi pàtẹ́wọ́. "Àgànyìn, ojú ẹ dà bí ojú àṣá."

Lọ́jọ́ tí mo ríran, wọ́n ní n kò ríran. Lọ́jọ́ tí n kò ríran, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo jókòó, mo ń gbé ìgò sápá ọ̀tún. Rìsíkátù máa ń yọ́ tún èyí tó bá ráyè fún nínú wọn wò. Àwọn tó kù, wọ́n ti lọ sára ẹni ẹlẹ́ni, n kò sì mọ ohun tó wà nínú wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, n kò ní ká a mọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn.

Mo ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gún ìka, mo sì pe ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀kẹ́ ló tọ́jú màmá wa fún ọdún mẹ́fà títí tí màmá fi kú. Kò lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ ṣúgà níwájú rẹ̀ ní gbogbo Kétu.

"Mélòó ló wí?"

"Mẹ́fà, Ẹ̀gbọ́n."

Mo gbọ́ tí adìẹ ń ké ní àgbàlá wa.

"Mẹ́fà kẹ̀? Ní mẹ́rin ni màmá wa dákú! Àbúrò mi, ṣé òkú ló ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí?"

"Mọ́kàndínlógún ni tẹ́lẹ̀."

"Kò sí mọ́kàndínlógún láyé yìí. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó nìyẹn. Ẹyọ kan là ń wá! Dókítà màmá wí i títí ẹnu rẹ̀ fẹ́ẹ̀ bó. Ẹyọ kan, bó bá pọ̀ tán, ẹyọ kan lé díẹ̀. Ojú tó ń ṣe ọ́ yẹn, ṣúgà ló ń jẹ ẹ́. Fi kún abẹ́rẹ́ yẹn kí o tó fọ́jú, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

Ó ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sunkún. Mo fi kún un.

Mo tún fi kún un. Ẹ̀rọ ń já wálẹ̀: márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta. Nígbà mìíràn òógùn a bò mí nídìí iná, ọwọ́ mi a máa gbọ̀n, àyà mi a máa já, n ó sì sáré lọ rún búrẹ́dì jẹ nínú yàrá aṣọ, pẹ̀lú ìtìjú, bí olè. Mo rò pé àárẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló wá dé, ojú mi là. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí aláǹgbá lára ògiri, mo rí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kọrin títí mo fi dé géètì. Ojú tí nọ́ọ̀sì ti sọ pé yóò là fúnra rẹ̀, èmi kà á sí iṣẹ́ àfikún abẹ́rẹ́.

"Ṣé o rí i?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mélòó báyìí?"

"Méjì ààbọ̀."

"Ó kù díẹ̀."

Oṣù kẹrin tí mo ti ń gún abẹ́rẹ́ ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Àárọ̀ Monday ni. Mo mú ìgò àkọ́kọ́, mo yí i po, mo rí nǹkan dúdú kan tó gùn bí irun, tó ń léfòó. Ó di ríjẹ́ẹ̀tì. Mo mú ìkejì, ó wà níbẹ̀. Ìkẹta bákan náà. Mo ka àwo kan tán, gbogbo rẹ̀ lọ sápá òsì. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rọ omi ti bàjẹ́, èmi ni mo sì kọ́kọ́ rí i. Bóyá wọn yóò torí ẹ̀ sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi. Mo dìde, mo kígbe:

"Ọ̀gá Fẹ́mi! Ẹ dá ẹ̀rọ dúró! Ẹ̀gbin wà nínú gbogbo rẹ̀!"

Ẹ̀rọ dúró. Ilé iṣẹ́ dákẹ́ rọ́rọ́, irú ìdákẹ́ tí n kò gbọ́ rí níbẹ̀. Máníjà sáré sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá Fẹ́mi mú ìgò kan, ó wò ó, ó mú òmíràn. Máníjà wò ó. Rìsíkátù wò ó.

"Níbo?"

"Ẹ wò ó, ó ń rìn. Ó dúdú."

"Àgànyìn, omi lásán ni mò ń rí."

"Ọ̀gá, ó wà níbẹ̀!" Mo gbójú sókè kí n fi hàn án. Ó wọ kóòtù funfun, nǹkan dúdú náà sì ti wà lára kóòtù rẹ̀. Mo wo ògiri. Ó wà lára ògiri. Ó ti di mẹ́ta, ó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pupa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu mi sì sọ ohun tí ojú mi ń rí kí n tó ronú.

"Ó wà lára kóòtù yín."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín sí mi, ọjọ́ yẹn nìkan ni wọn kò rẹ́rìn-ín. Máníjà béèrè láti ìgbà wo ni mo ti wà nídìí iná. Wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ iṣẹ́. Rìsíkátù nìkan ló sìn mí dé géètì, ó di ọwọ́ mi mú, nítorí ojú ọ̀tún mi ti ṣú tán kí a tó débẹ̀.

Dókítà ojú jẹ́ obìnrin àgbàlagbà tó ń sọ Yorùbá Ìjẹ̀bú. Ó fi iná wo ẹ̀yìn ojú mi títí. Mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà nínú mi.

"Ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ló fọ́ mi lójú, Mà?"

"Rárá o. Ẹ má dá a dúró, òun ló dá ẹ̀mí yín sí. Ṣúgà ọjọ́ pípẹ́ ló ti ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ojú yín jẹ́, ẹ ò sì mọ̀, torí kì í dunni. Àmọ́ bí ẹ ṣe wá já a wálẹ̀ lójijì, irú ojú bẹ́ẹ̀ a máa bínú. Ó ṣẹ̀jẹ̀. Ká ní wọ́n wò ó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni, à bá ti fi iná lésà rán an pa, à bá sì máa ṣọ́ ọ. Mélòó lẹ fẹ́ kí ṣúgà náà jẹ́ gan-an?"

"Ẹyọ kan."

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló rán yín níṣẹ́ ikú?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ti Kétu, ti màmá wa, ti mẹ́rin tí màmá dákú. Ó gbọ́ mi dópin, ó mí kanlẹ̀.

"Gíráàmù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lọ́hùn-ún. Ìwọ̀n tiwa níbí yàtọ̀. Ẹyọ kan tiwọn, márùn-ún ààbọ̀ tiwa ni. Mẹ́rin tí màmá yín dákú, tiwa lé ní ogún. Mẹ́fà yín yẹn dáa. Ẹ ti délé, ẹ tún ń sáré."

Mo nawọ́ káàdì mi sí i, mo ní, "Èyí ńkọ́, Mà? Aago mẹ́rin sí méje."

"Aago kọ́. Ibi tó yẹ kí ṣúgà yín wà nìyẹn."

Ìwé tí nọ́ọ̀sì fún mi ṣì wà nínú àpò mi. Mo gbé òun náà fún un. N kò mọ ìdí tí mo fi gbé e fún un. Ó tú u, ó kà á, ó tún un ká bó ṣe wà, ó sì dá a padà fún mi.

Ọ̀tún ti lọ. Òsì kù díẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń wo ayé láti ẹ̀yìn náílọ́ọ̀nù. Wọ́n ti fi iná lésà sí i, wọ́n ní bóyá yóò dúró síbẹ̀. Ṣúgà mi wà ní mẹ́fà, mo sì ń fọwọ́ ka iye abẹ́rẹ́ tí mò ń gún. Iṣẹ́ mi báyìí ni kí n máa ká páálí oògùn ní yàrá mi ní Agége. Rìsíkátù ló ń kó o wá fún mi láti ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Ìlúpéjú. Ọwọ́ ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, kò fẹ́ ojú. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹni tó pa òwe yẹn kò bá mi pàdé.

N kò tíì sọ fún wọn nílé. Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́? Ẹ̀gbọ́n mi kò purọ́ fún mi. Gbogbo ohun tó sọ ló jẹ́ òótọ́, láti àgbàlá wa títí dé ibodè. Ibodè ni kò lè kọjá.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, wọ́n pè mí lórí fóònù aláwòrán. Mo rí ìmọ́lẹ̀ tó ń mì.

"Màmá, ẹ wo eyín mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i, ọmọ mi. Ó funfun."

Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Àbúrò mi, mélòó ni ṣúgà?"

Mo di páálí tó wà lọ́wọ́ mi mú.

"Ẹyọ kan, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọlọ́run ṣeun!" Ó pàtẹ́wọ́, mo gbọ́ ọ. "Ṣé o rí i báyìí? Bí kì í bá ṣe pé mo bá ọ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ojú rẹ ì bá ti fọ́."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n mi."